Àgò Wáyà fún Igi Eléso: Àkọsílẹ̀ Ọgbà Igi 12 Tí Àgbọ̀nrín Wọ̀ ní Maryland

Ọgbà tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà. Ilé náà kangun sí igbó. Koríko gígé nìkan ló wà láàárín ẹ̀yìn ilé àti igi àkọ́kọ́ nínú igbó ọ̀hún. Oṣù Kẹta ni wọ́n gbin igi 12 síbẹ̀, gbòǹgbò ìhòòhò ni wọ́n rà wọ́n, láìsí erùpẹ̀ nídìí: ápù 8, píà 2, píìṣì 2. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n tò wọ́n sí, igi 4 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà 15 láàárín igi kan sí èkejì. Igi kọ̀ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ó sì nípọn tó àtàǹpàkò àgbàlagbà.

Onílé mọ̀ pé àgbọ̀nrín ń jẹ̀ ládùúgbò, kò sì fi igi sílẹ̀ lásán. Ó fi nẹ́ẹ̀tì adìẹ, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ, yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká bí àgò, ó sì ri ọ̀pá ọparun kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè dúró. Kí oṣù Kẹfà tó parí, igi 9 ti pàdánù orí. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, akọ àgbọ̀nrín ti fi ìwo ha èèpo igi méjì. Bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n tún rí i pé eku ti jẹ èèpo ìdí píìṣì kan yíká.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní irú ipò yìí máa ń sọ pé àgò wáyà ò wúlò. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ yìí kan náà, pẹ̀lú agbo àgbọ̀nrín yìí kan náà, àgò ṣiṣẹ́ ní ọdún kejì. Ohun tó yí padà ni bí ó ṣe fẹ̀ tó, irú wáyà tí wọ́n lò, òpó tó dì í mú, àti bóyá ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Fífẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í kà sí.

Ta ló jẹ ẹ́?

Ká tó ra wáyà, ó yẹ ká mọ ẹni tó ń jẹ igi, torí àgò tó ń dá àgbọ̀nrín dúró kì í dá eku dúró. Àgbọ̀nrín onírù-funfun, èyí tó kún ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, kò ní eyín iwájú lókè. Eyín ìsàlẹ̀ ló fi ń ti ẹ̀ka mọ́ èrìgì líle tó wà lókè, yóò sì fà á já. Ìdí nìyí tí ojú ibi tó ti jẹ fi máa ń ya yánnayànna, tí okùn èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ á máa rọ̀ lára rẹ̀. Ehoro ní eyín iwájú lókè àti nísàlẹ̀. Tiẹ̀ máa ń gé mọ́, ojú rẹ̀ á dagun, kì í sì í sábà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2 sókè ilẹ̀, àfi bí yìnyín bá gbé ehoro náà ga. Eku koríko ní tiẹ̀, ìdí igi ló ń bá jà, lábẹ́ koríko tàbí lábẹ́ yìnyín, ojú eyín rẹ̀ kéékèèké á sì hàn lára igi ní ìlà wẹ́wẹ́ tó forí gbárí.

Nínú ọgbà yìí, ẹ̀ka tó já wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5, gbogbo ojú wọn ló sì ya. Àgbọ̀nrín ni, kò sí àríyànjiyàn. Èyí tó bó ní ìdí, tí ojú eyín wà lára rẹ̀, ti eku ni. Èèpo igi méjì tó bó láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1 sí 3, ìwo ló ha á.

Ọ̀rọ̀ ìwo yìí gba àlàyé díẹ̀, torí òun ló ń pa igi tí jíjẹ kò pa. Láti oṣù Kẹsàn-án ni akọ ti ń fi ìwo ha igi. Ó kọ́kọ́ ń ṣe é láti bó awọ kúrò lára ìwo tuntun, lẹ́yìn náà ó ń fi òórùn iwájú orí rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti fún abo. Àsìkò tí wọ́n ń gùn, tó máa ń gbóná jù ní oṣù Kọkànlá ní Maryland, ló le jù. Igi tó wù ú ni èyí tó nípọn tó ínṣì 1 sí 4, tí ara rẹ̀ dán, tó dá dúró, tó sì ń fì díẹ̀ bí ó bá tì í. Igi eléso ọlọ́dún méjì sí márùn-ún pé gbogbo rẹ̀. Abẹ́ èèpo sì ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí èèpo bá bó yí igi ká, ebi á máa pa gbòǹgbò. Igi náà lè rúwé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kí onílé rò pé ó ti yè, kó sì kú kí ooru tó parí.

Ohun tó ba àgò àkọ́kọ́ jẹ́

Nẹ́ẹ̀tì adìẹ náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, àgò kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 láti etí kan dé ìkejì. Èyí túmọ̀ sí pé igi jìnnà sí wáyà ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré. Ní oṣù Kárùn-ún, nígbà tí ọ̀mùnú bá ń yọ, ẹ̀ka ápù tó lágbára a máa gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀ka wọ̀nyẹn ti ojú nẹ́ẹ̀tì jáde ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, àgbọ̀nrín kàn ń jẹ wọ́n láti ìta ni.

Igi kẹta ní ìlà àárín fi gbogbo rẹ̀ hàn. Etí òkè nẹ́ẹ̀tì ti tẹ̀ wálẹ̀ ní apá kan ṣoṣo, ó ku bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀. Irun pupa rúsúrúsú há sí ojú wáyà níbẹ̀, ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín sì wà nínú erùpẹ̀ tútù lábẹ́ rẹ̀. Àyà ló fi ti nẹ́ẹ̀tì títí ó fi tẹ̀, tó wá na ọrùn wọlé jẹ orí igi. Ẹ̀ka kan tó ti jáde lójú nẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ó fà á, ojú wáyà ló dì í mú, kò já ní ibi tó ti jẹ ẹ́. Ó fà ya padà dé ara igi, ó sì bó èèpo tó gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Àgò ọ̀hún gan-an ló sọ ọgbẹ́ kékeré di ńlá.

Ọparun kan kò lè di àgò mú. Bí akọ bá fi ìwo tì í, gbogbo rẹ̀ á yí lórí ọ̀pá kan yẹn, á sì dà lé igi. Báyìí ni ara igi méjì yẹn ṣe dé itòsí ìwo. Àbùkù tó kẹ́yìn kò hàn sójú: gbogbo etí nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lọ́ pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ò lè ṣí i láìlo ẹ̀mú. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó tu èpò inú rẹ̀ láti oṣù Kẹfà. Koríko dí ìdí igi, eku rí ilé, ó rí oúnjẹ.

Bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n tó yẹ

Àgbọ̀nrín àgbà lè fò kọjá ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ìgbà mìíràn 8, láti orí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹni tó gbọ́ èyí á béèrè pé kí ni àgò ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 5 fẹ́ ṣe. Ohun tó ń dá a dúró ni àyè. Kò jẹ́ fò sínú ibi tí kò ti ní rí ibi fẹsẹ̀ lé àti ibi tí yóò ti tún fò jáde, pàápàá tí igi bá dúró láàárín rẹ̀. Nítorí náà, kì í fò wọ àgò tóóró. Nínàgà ló ku fún un, nínàgà yẹn sì ní òpin: bí wáyà bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ó lè gbé àgbọ̀n lé e kó sì na ọrùn wọlé díẹ̀, àmọ́ kò lè dé àárín àgò tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, torí igi jìnnà sí etí ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀.

Ọrùn àgbọ̀nrín la fi ń wọn àgò, kì í ṣe bí igi ṣe kéré tó lónìí. Ẹni tó bá wo ọ̀pá igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ́jọ́ tó gbìn ín á rò pé àgò ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 2 ti pọ̀ jù. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni igi yóò lò nínú àgò, ẹ̀ka ọdún kẹta ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Kó má sì fẹ̀ jù. Bí ó bá ti kọjá bí ẹsẹ̀ bàtà 8 láti etí dé etí, ó ti ń di agbo kékeré, àyè ti ń wà láti fò sí.

Fífẹ̀ ní ìlọ́po 3.14 ni àyíká rẹ̀. Àgò tí yóò fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 yóò jẹ wáyà ẹsẹ̀ bàtà 16, pẹ̀lú ínṣì díẹ̀ tí etí kan yóò fi gun orí èkejì. Bí agbára ò bá tó, ẹsẹ̀ bàtà 4 ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Wáyà ẹsẹ̀ bàtà 13 ni yóò jẹ.

Wáyà àti òpó

Wáyà tí wọ́n jó pọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò nẹ́ẹ̀tì adìẹ: gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 5, ojú rẹ̀ ínṣì 2 sí ínṣì 4, nọ́ńbà 14. Bí nọ́ńbà wáyà ṣe ń ga ni wáyà ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Nọ́ńbà 14 nípọn tó mílímítà 2, nọ́ńbà 16 tó mílímítà 1.6. Nọ́ńbà 16 máa ń tẹ̀ bí akọ bá fara tì í, a ò sì gbà á nímọ̀ràn níbi tí igbó bá súnmọ́ báyìí. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n rì sínú síńkì tó ń dènà ìpẹtà lẹ́yìn tí wọ́n jó o pọ̀, ẹ mú un, kódà bó wọ́n díẹ̀ jù, torí ojú ibi tí wọ́n ti jó wáyà pọ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wáyà kan wà tí wọ́n ń tẹ́ sínú kọnkéré, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 6 sí 6. Ó le gan-an, ó ń dá dúró, ó sì dára fún igi tó ti dàgbà díẹ̀. Wọn ò lò ó níhìn-ín nítorí ihò ínṣì 6 gba ẹnu àgbọ̀nrín wọlé, ehoro sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láìtẹríba. Nẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ni kí ẹ sá fún pátápátá: ìwo akọ máa ń há sínú rẹ̀, ẹranko á fà á títí yóò fi fa igi tu, òun fúnra rẹ̀ sì lè kú síbẹ̀.

Róòlù méjì, ẹsẹ̀ bàtà 100 kọ̀ọ̀kan, ló tó. Róòlù àkọ́kọ́ bí àgò 6, ẹsẹ̀ bàtà 16 kọ̀ọ̀kan, ó ku ẹsẹ̀ bàtà 4. Èkejì bí àgò 4 tó kù fún ápù àti píà, tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 64, ẹsẹ̀ bàtà 36 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n pín sí méjì fún píìṣì, 18 kọ̀ọ̀kan. Píìṣì nílò àyè jù nítorí wọn kì í jẹ́ kó ga lọ sókè lórí ọ̀pá kan. Wọ́n máa ń ṣí àárín rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 2 sókè ilẹ̀, á sì tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òpó irin onírìísí T ni wọ́n rà, ẹsẹ̀ bàtà 6 àbọ̀ ní gígùn: ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀ wọlẹ̀, 5 ṣẹ́ kù lókè, ó bá wáyà dọ́gba. Òpó méjì fún àgò kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta fún ti píìṣì, àpapọ̀ 26. Fún eku àti ehoro, wọ́n ra àwọ̀n wáyà ojú wẹ́wẹ́, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ínṣì, gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 25. Ẹsẹ̀ bàtà 2 ni igi kọ̀ọ̀kan gbà nínú rẹ̀, ó sì tó igi 12.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbá òpó wọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kó kọ́kọ́ pe 811, ọjọ́ iṣẹ́ díẹ̀ ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ni páìpù gáàsì, páìpù omi àti wáyà iná abẹ́ ilẹ̀ á wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí tiwọn gbà. Òpó tó wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀ lè kan wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ohun tó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣíṣe àgò kan

Kò tíì sí ewé lára igi nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ìyẹn sì ni àkókò tó rọrùn jù.

Wáyà róòlù kì í gbàgbé pé wọ́n ti ká òun. Bí ẹ bá gé e láìfi nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò ká padà pẹ̀lú ipá, ẹnu rẹ̀ mímú á sì kọjú sí ojú ẹni tó gé e. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé etí rẹ̀ àti ibi tí ẹ fẹ́ gé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ, ẹ sì fi awò bo ojú. Òdìkejì ọ̀nà tó ká sí ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí díẹ̀ kó lè rọ̀.

Ibi tí a ti ń gé e ṣe pàtàkì. Ẹ má gé e láàárín ojú. Ẹ gé e ní ìsúnmọ́ wáyà òró tó tẹ̀ lé e, kí ìrù wáyà ìbú lè ṣẹ́ kù gbọọrọ ní etí kan, kí etí kejì sì parí sí wáyà òró tó mọ́. Ìrù wọ̀nyẹn ni ìkọ́ yín. Mẹ́rin péré ni kí ẹ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja: ọ̀kan ní òkè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, méjì láàárín. Àwọn tó kù, ẹ ṣẹ́ wọn padà sẹ́yìn kí wọ́n má bàa gún ènìyàn. Pẹ̀lú ìkọ́ mẹ́rin, àgò á ṣí, á sì tì láìlo ohun èlò kankan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àgò tí wọ́n ń tu èpò inú rẹ̀ àti èyí tí wọn kì í tu nìyí, èpò inú àgò ló sì ń bí eku.

Ẹ gbé wáyà yí igi ká kí igi wà ní àárín gbùngbùn, kí ẹ tó gbá òpó. Òpó méjèèjì dojú kọ ara wọn, inú àgò ni wọ́n wà, wáyà sì fara tì wọ́n láti ìta. Ẹ gbá wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ má gbá wọn nítòsí igi, gbòǹgbò wà níbẹ̀. Páìpù wíwúwo tí wọ́n dí lórí, tó ní ọwọ́ méjì, ni kí ẹ fi gbá a. Òòlù máa ń tẹ orí òpó, ó sì máa ń ṣìnà bá ọwọ́. Ẹ fi wáyà rírọ̀ so àgò mọ́ òpó kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́rin. Ẹnu ibi tó ń ṣí kó wà láàárín òpó méjèèjì, kó má ṣe wà lórí òpó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní lè ṣí i tó.

Ìsàlẹ̀ wáyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ìlà kẹta nínú ọgbà yìí dagun, wáyà sì gbé sókè ní apá ìsàlẹ̀ dé bí ínṣì 5. Wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lórí kàn án mọ́lẹ̀.

Àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ ló kù. Gé ẹsẹ̀ bàtà 2, ká a yí ìdí igi, kó fẹ̀ tó bí ínṣì 7, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rì sínú ilẹ̀ ní ínṣì 2 sí 3. Kò gbọdọ̀ fara kan igi. Ẹ má kó ègé igi tàbí erùpẹ̀ sínú rẹ̀. Ojú àlẹ̀mọ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ti lẹ ápù mọ́ igi ìsàlẹ̀ tó ni gbòǹgbò, gbọ́dọ̀ máa hàn lókè ilẹ̀. Ègé igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi bo ilẹ̀ inú àgò tó kù, ó nípọn tó ínṣì 3, ó sì jìnnà sí ara igi ní ínṣì 6.

Àwọn igi tó ti fara gbọgbẹ́

Igi tí wọ́n jẹ orí rẹ̀ kò tíì kú. Ní òpin ìgbà òtútù, kí ẹ̀hù tó là, wọ́n gé ojú tó ya yánnayànna padà dé orí ẹ̀hù tó le, kí ọgbẹ́ lè mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yan ẹ̀ka kan tó dúró gbọn-in láti di ọ̀gá ẹ̀ka, wọ́n sì gé àwọn tó ń bá a du ipò. Igi tí àgbọ̀nrín ti jẹ máa ń fẹ́ di igbó ṣúúrú. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ní igi tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ wà ní ibi tí ẹnu àgbọ̀nrín dé, títí ayé. Píìṣì ni wọn kò fọwọ́ kàn títí òdòdó fi yọ, torí gígé rẹ̀ nínú òtútù ń ṣí ọ̀nà fún àìsàn tó ń jẹ èèpo.

Nínú méjì tí ìwo ha, èèpo píà kan bó ní ìdajì àyíká rẹ̀. Wọ́n gé etí èèpo tó rọ̀ kó mọ́, wọn ò fi ọ̀dà kùn ún, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ó ti ń dí láti ẹ̀gbẹ́. Ápù kan bó yíká ní bí ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀ sókè ilẹ̀. Nítorí èèpo tó yè ṣì wà lókè ojú àlẹ̀mọ́, wọ́n gé igi náà lulẹ̀ sábẹ́ ọgbẹ́, ó sì hù padà láti ibẹ̀ ní oṣù Kárùn-ún. Gbòǹgbò rẹ̀ ti múlẹ̀, ẹ̀ka tuntun náà sì sáré. Ká ní ọgbẹ́ ti dé abẹ́ ojú àlẹ̀mọ́ ni, ohun tí ì bá hù kì í ṣe ápù tí wọ́n rà, igi ìsàlẹ̀ ni, kò sì yẹ ní títọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún píìṣì tí eku jẹ èèpo ìdí rẹ̀: wọ́n hú u, wọ́n gbin òmíràn.

Ọdún kejì

Kò sí igi tó pàdánù ọ̀gá ẹ̀ka nínú gbogbo 12, láti oṣù Kẹta dé òpin ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Ìwo kò kan ara igi kankan. Àgò kan dagun ní oṣù Kọkànlá, igi kejì ní ìlà kẹta. Òkúta ló wà lábẹ́ òpó rẹ̀ kan, kò wọlẹ̀ ju ínṣì 10 lọ, ilẹ̀ sì rọ̀ lẹ́yìn òjò. Wọ́n sún òpó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ínṣì 8, wọ́n gbá a dé ibi tó yẹ. Bí òpó bá kan òkúta, ẹ má gé orí rẹ̀ kó bá wáyà dọ́gba, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ̀ka píìṣì méjì jáde lójú wáyà, àgbọ̀nrín sì jẹ ẹnu wọn. Ìyẹn ò burú. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe lóṣooṣù ni kí ẹ fi ọwọ́ dá ẹ̀ka tó bá ń fẹ́ jáde padà sínú nígbà tó ṣì rọ̀, tàbí kí ẹ gé e nínú àgò kó ku ínṣì mẹ́ta kó tó kan wáyà. Èyí tó bá jáde tó sì le, ojú wáyà á wọ ara rẹ̀, bí àgbọ̀nrín bá sì fà á, yóò ya padà bíi ti ọdún àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣí àgò tu èpò, láti oṣù Kẹrin lọ, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu ṣòkòtò, kí ẹ sì yẹ ara yín wò kí ẹ tó sùn: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí irun. Eégbọn tó ń bá àgbọ̀nrín rìn ló ń gbé àrùn Lyme, Maryland sì wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀. Ọmọ eégbọn kò ju hóró èso wẹ́wẹ́ lọ, ojú lè fò ó.

Àwọn kan béèrè nípa ọṣẹ olóòórùn tí wọ́n ń so mọ́ igi, irun tí wọ́n gé ní ṣọ́ọ̀bù, àti oògùn tí wọ́n fi ẹyin bíbàjẹ́ ṣe. Oògùn ẹyin ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òjò ń fọ̀ ọ́ dànù, ọ̀mùnú tó yọ lẹ́yìn tí wọ́n fín in kò sì ní i lára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé oṣooṣù lẹ ó máa fín in. A máa ń lò ó fún ẹ̀ka tó jáde láti inú àgò, kì í ṣe dípò àgò. Ọṣẹ àti irun kì í pẹ́ tí àgbọ̀nrín fi ń mọ́ wọn lára, pàápàá nígbà tí ebi bá dé ní oṣù Kìíní.

Ògiri ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 yí gbogbo ọgbà ká ńkọ́? Fún igi 12 yìí, àyíká ilẹ̀ tí yóò gbà wọ́n jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà 230, pẹ̀lú òpó igun tó nípọn àti géètì. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni kì í sì í gbà kí ògiri ẹ̀yìnkùlé ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 láìgba ìwé àṣẹ, ẹgbẹ́ àwọn onílé náà sì lè ní òfin tiwọn. Àgò kọ̀ọ̀kan ló dára fún irú ọgbà yìí. Bí igi bá ti kọjá 20, ìṣirò náà yí padà, ògiri ló rọrùn jù.

Ìgbà wo ni àgò á kúrò?

Ápù márùn-ún nínú ọgbà yìí wà lórí igi ìsàlẹ̀ MM.111, tó ń ga dáadáa, tí kò sì nílò ọ̀pá ìfaratì. Lórí wọn, ẹ̀ka tí yóò wà títí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àbọ̀ sí 6, òkè ibi tí ẹnu àgbọ̀nrín dé. Àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa mú wọn kúrò, méjì sí mẹ́ta lọ́dún, torí ewé ara wọn ló ń mú ara igi nípọn. Ẹni tó bá rẹ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan yóò ní ọ̀pá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ á máa tẹ̀. Àsìkò tó léwu jù ni ìgbà tí orí igi bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 7, tó ti yọ lókè àgò, tí àgbọ̀nrín tó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró sì lè rí i. Níbẹ̀ ni fífẹ̀ àgò ti ń gba igi là, torí ó ṣì jìnnà sí ẹnu rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀.

Ápù mẹ́ta tó kù wà lórí igi ìsàlẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní M.9. Igi tó kúrú ni, ó sábà máa ń dúró sí bí ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10, èso rẹ̀ sì wà ní ibi tí ẹnu àgbọ̀nrín dé jálẹ̀ ayé rẹ̀. Àgò àwọn mẹ́ta yìí kò ní kúrò. Bí ilé yín bá súnmọ́ igbó, tí ẹ ò sì ní ògiri, ẹ má ra M.9, bó ti wù kí ó tètè so tó.

Fún àwọn tó ga, bí ara igi bá ti nípọn ju ínṣì 4 lọ, tí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ jù sì ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ẹ lè tú àgò ńlá. Kó má jẹ́ oṣù Kẹsàn-án sí Kejìlá lẹ ó ṣe é. Ẹ gé ẹsẹ̀ bàtà 4 nínú wáyà náà, ẹ ká a mọ́ ara igi kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, kó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí ìwo akọ. Ẹ gé wáyà ìdè rẹ̀ kí ẹ sì tún un dè lọ́dọọdún, kó má bàa rì sínú èèpo.